Ẹni Tí Yóò Dá Aṣọ Fún Wa: Ìwà Olórí, láti Òṣòdì dé Òkè-Àfá

Bí èèyàn bá dúró sí Òṣòdì Òkè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, orúkọ ni yóò gbọ́ kó tó rí ọkọ̀. "Ìsọlọ̀, Jákàńdè! Jákàńdè, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ọmọkùnrin tó fẹsẹ̀ kan kọ́ ẹnu ọ̀nà dáńfó, tó ń fàtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ kí dẹ́rẹ́bà lè mọ ìgbà tí yóò dúró àti ìgbà tí yóò gbéra, wọn kò tíì bí i nígbà tí ẹni tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ yìí fi ìjọba sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ibùdókọ̀ ni Jákàńdè. Géètì kan ni lápá Òkè-Àfá, níbi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí alákàrà sì ti ń dín àkàrà.

Àwọn tó ṣàgbà kọńdọ́ mọ̀ pé gómìnà ló ń pè. Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ni gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ló lò. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tó ti kúrò lórí àga, orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu kọńdọ́.

Nínú ọkọ̀ kan náà, bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ṣẹ́yọ, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ wa lára: "Gbogbo wọn náà ló ń jẹ. Èyí tó bá ti ń jẹ tó tún ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa jẹ lọ." Èrò yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò mi orí, ọ̀rọ̀ yóò sì yà sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ìwà olórí wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Pé ìwà jẹ́ ohun tó wà láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, iṣẹ́ nìkan ló kan aráàlú. Mo gbà pé irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ná wa lówó púpọ̀. A ò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ó wà lójú ọ̀nà tí dáńfó yẹn ń gbà lọ.

ORÚKỌ TÓ ṢÁÁJÚ

Orúkọ èèyàn ni Òṣòdì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń so ó mọ́ Òṣòdì Tápà, balógun Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí, ilẹ̀ Tápà ni wọ́n ti bí i. Ọmọ kékeré ni nígbà tó dé ààfin láyé Ọba Òṣìnlókùn, kò ní bàbá tí yóò gbà á sílẹ̀, kò ní ìyá tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Láti ìdí iṣẹ́ ìránṣẹ́ láàfin ló ti dìde, tó di ẹni tí ọba ń fọ̀rọ̀ lọ̀, tó di ẹni tó ń kó ọmọ ogun jáde.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà síbẹ̀. Ìjòyè tó bá gbọ́n nígbà náà mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kó yí fìlà rẹ̀ sápá kejì, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọba tuntun. Òṣòdì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì wà lájò fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n padà dé ní nǹkan bí 1862, ibi tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó la mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ní 1868 ló kú.

Àwọn àgbà Èkó máa ń fi Òṣòdì ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kò dalẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ẹ̀yìn. Òwò ẹrú wà lára ohun tó fún Kòsọ́kọ́ lágbára. Ọmọ tí ogun já gbà kúrò nílẹ̀ bàbá rẹ̀ ló wá di apá ọ̀tún ọba tí wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ gba ẹnu omi rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ìṣòótọ́ sí ọ̀gá dára púpọ̀. Kí ni ọ̀gá náà ń ṣe ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè yìí sápò. A óò padà mú un jáde ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kan náà.

ILÉ KAN NÍ ÌLÚPÉJÚ

Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n bí Jákàńdè sí, ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1929. Òmù-Àrán, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Kálàmù ló fi jẹun: ó wọṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Service ní 1949, ó bọ́ sí Nigerian Tribune ní 1953, nígbà tó sì fi máa di 1956, òun ni olórí àwọn olóòtú ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àtàwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kó Jákàńdè mọ́ wọn. Ọdún méje ni adájọ́ sọ fún un ní 1963. Ọdún 1966 ló tó rí ìta. Látinú ìrìn tó rìn tẹ̀lé Awólọ́wọ̀ yìí ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Kékeré.

Mo mẹ́nu ba ẹ̀wọ̀n yìí nítorí ohun kan. Ìgbà tí olórí bá gorí àga kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwà kiri. Ohun tó bá kó wọlé ló máa lò. Àga a kàn máa gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i ni. Ẹni tó ti jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n pé òun lè gbé láìsí nǹkan, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù pé kí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ òun.

Àádọ́ta ọdún ni Jákàńdè nígbà tó di gómìnà. Kò kó lọ sílé ìjọba. Ìlúpéjú ló ń gbé kó tó débẹ̀, Ìlúpéjú ló ń gbé lẹ́yìn tó débẹ̀, nínú ilé tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé Ìlúpéjú àti Òṣòdì kò jìnnà síra, ẹsẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn láti ọ̀kan dé èkejì. Mọ́tò rẹ̀, Toyota Crown tó ti ní tẹ́lẹ̀, ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń gbé e bọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun kékeré nìyẹn. Ilé àti mọ́tò, kí ló kan ìlú níbẹ̀? Ó kàn án gan-an. Owó ìjọba kì í sábà bá ihò ńlá kan ṣoṣo jò. Ìsun kéékèèké ló ń bá lọ: títún ilé gómìnà ṣe, mọ́tò tuntun fún àwọn kọmíṣọ́nà, ìrìn àjò, àlejò, àti ìdá tí wọ́n máa ń bù lé orí kọngílá kí kálukú lè rí tirẹ̀ mú. Bí ọ̀gá pátápátá bá ń gbé inú ilé ara rẹ̀, ojú á ti kọmíṣọ́nà láti béèrè ààfin. Bí ọ̀gá kò bá gba ìdá, ẹni tó bá gbà á nísàlẹ̀ mọ̀ pé òun nìkan lòun dá jalè, kò sí agboòrùn kankan lórí òun. Báyìí ni ìwà ẹnì kan ṣe ń dí ihò tí ọgọ́rùn-ún òfin kò lè dí.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. A máa ń lo òwe yìí fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti ya tó ń ṣèlérí aṣọ. Ó ní ìtumọ̀ kejì: bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ kọ́lé fún mẹ̀kúnnù, ẹ wo ilé tòun náà. Bí tirẹ̀ bá ti ń ga sí i látọjọ́ tó ti dé ipò, ẹ ti mọ ibi tí búlọ́ọ̀kù yín ń lọ.

OHUN TÍ ỌWỌ́ MÍMỌ́ KỌ́

Ilé tó kọ́ wá ńkọ́? Iye tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó lé ní 20,000, káàkiri ìpínlẹ̀: Abẹ́sàn, Ìjàyè, Ìba, Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ìpọ́nrí, Dolphin, àti tiwa níbí, Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀. Nínú ọdún mẹ́rin.

Ẹ wọ inú ẹ̀sítéètì Òkè-Àfá kí ẹ wò ó. Àwọn ilé alájà náà tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá, kò sí òpó rìbìtì níwájú wọn, kò sí kìnnìún ọlọ́nà lórí géètì. Wíńdò wọn mọ níwọ̀n. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ ti lu ògiri, wọ́n ti fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè, búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá. Kẹ́ẹ̀gì omi tò sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lára ògiri níbòmíràn, gọ́tà sì ti kún. Ó hàn pé lẹ́yìn ẹni tó kọ́ ọ, àwọn tó yẹ kó máa tún un ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ wẹ̀yìn. Síbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, àwọn tí wọn kì bá tí ní òrùlé kan ní Èkó bí kò bá sí ẹnìkan tó ronú kàn wọ́n ní 1980.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló ń lọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìpín méjì, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, nítorí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Jákàńdè sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó fòpin sí ìpín àárọ̀ àti ọ̀sán, ó sì sáré kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ tí ògiri wọn kò ga, tí wọn kò ní ẹ̀ṣọ́. Àwọn alátakò rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ilé adìẹ ló ń kọ́. Ilé adìẹ yẹn ni ọ̀pọ̀ lọ́yà, dókítà àti oníṣòwò tó ń sọ̀rọ̀ nílùú lónìí ti kọ́ A, B, D. Ní 1983, ó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, kí ẹni tó jáde nínú ilé adìẹ lè ríbi lọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹni tó ń sọ pé "kó máa jẹ, kó ṣá ti ṣiṣẹ́" dúró díẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ nígbà náà lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan tó rẹwà, tí gómìnà yóò fi ya fọ́tò. Ó sì lè kọ́ ọ̀pọ̀ tí kò rẹwà, tí gbogbo ọmọ yóò fi ríbi jókòó. Kò sí ìwé òfin tó sọ èyí tí yóò mú nínú méjèèjì. Ìwà ló ń mú un. Ẹni tí ojú ń ro fún òkìkí yóò mú ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá ń rí ọmọ tó dúró sẹ́nu géètì yóò mú ìkejì. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní ká má wo ìwà, ká wo iṣẹ́, irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe gan-an la kọ̀ láti wò.

Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ló bọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó fẹ́ fi tú ìdí gosílóò Èkó, ìjọba ológun tó dé lẹ́yìn náà fagi lé e ní 1985, owó ńlá sì ṣòfò sí i. Ó di 2024 kí ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń dúró ní Òṣòdì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́ ti fẹ́ pé ẹni ogójì ọdún kó tó wọ ti èkejì.

Ẹ̀PẸ́TẸ̀DÓ LẸ́Ẹ̀KEJÌ

Bí mo bá dúró síbí, ìwé ìyìn ni mo kọ, kì í ṣe àpilẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè tó wà lápò jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, 1993 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀, ọ̀gágun Sani Abacha gbàjọba ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà. Jákàńdè wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Mínísítà fún iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé ni wọ́n fi í ṣe. Àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni pé àwọn aṣáájú, títí kan Abíọ́lá, ló fọwọ́ sí i pé kí àwọn wọlé, kí nǹkan lè tètè bọ́ sípò. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994, Abíọ́lá lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní àdúgbò tí wọ́n bí Jákàńdè sí gan-an, ó sì kéde níbẹ̀ pé òun ni Ààrẹ tí aráàlú yàn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé e. Àwọn aṣáájú Afẹ́nifẹ́re, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá nínú òṣèlú, sọ pé kí àwọn èèyàn wọn tó wà níjọba fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Jákàńdè kò fi í sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di 1995. Abíọ́lá kò jáde láàyè mọ́. Àhámọ́ ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998.

Ọ̀rọ̀ yìí ba Bàbá Kékeré jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ló sì wà títí dòní tí kò tíì dárí jì í. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà pé ó kówó jẹ. Ohun tó dùn wọ́n ni ẹni tó bá jókòó.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ Abacha, ìjọba náà kéde ètò ilé gbígbé fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ilé 121,000. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni wọ́n gbé fún un. Díẹ̀ bíńtín ló parí nínú rẹ̀. Èèyàn kan náà, ọwọ́ mímọ́ kan náà, ìrírí sì tún ti pọ̀ sí i. Kí ló dé tí Òkè-Àfá fi dìde tí èyí kò sì dìde? Ní Èkó, òun ni olórí, ìwà rẹ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀ láti òkè. Ní Àbújá, abẹ́ ìwà ẹlòmíràn ló wà. Àtùpà tí a gbé sí ojú ìjì, bí epo inú rẹ̀ ti wù kó mọ́ tó, kì í pẹ́ kú.

Nínú èyí ni mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè Òṣòdì Tápà. Ìwà olórí ní ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀kan ni ọwọ́ tí kì í mú ohun olóhun. Èkejì ni etí tó ń gbọ́, tó ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí èèyàn dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Jákàńdè ní ti àkọ́kọ́ ju ọ̀pọ̀ olórí tí a ti ní lọ. Ní ti èkejì, ó kọsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́ kò ní fi ìdajì ìtàn pamọ́, ẹni tó bá sì bínú sí i kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò kọ́ ilé tí a ń wọ̀.

ALẸ́ ỌJỌ́ ÀÌKÚ KAN

Ìwà olórí kọjá ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nítòsí ẹ̀sítéètì yẹn náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé tí àwọn ṣọ́jà ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ó ń fò kọjá lórí ilé. Òru ti ń ṣú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ogun ló dé. Àwọn ará Òṣòdì, Mafolúkù àti Ìsọlọ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ń sá lọ sápá Èjìgbò. Kánáálì Òkè-Àfá wà lójú ọ̀nà. Ewéko ti bo ojú omi, nínú òkùnkùn ó dà bí ilẹ̀. Àwọn tó ṣáájú jìn sí i, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní 1,000, inú omi yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí, àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfá títí dòní.

Ọ̀gá ṣọ́jà tó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aráàlú sọ pé ilé ohun ìjà náà ti pẹ́, àti pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kó tó di pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Wọ́n mọ̀. Kò sí ẹni tó gba rìbá kí bọ́ǹbù lè bú. Ohun tó pa èèyàn níbẹ̀ ni ohun tí a máa ń fojú kékeré wò: kí ẹnìkan mọ̀ pé nǹkan kò dára, kó sì gbé fáìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di ọ̀la. Àìbìkítà náà ìwà ni. Ó lè máà kó kọ́bọ̀ kan jẹ, kó sì pa ju olè lọ.

Nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, ó jágbe mọ́ àwọn èrò tó ń pariwo, ó ní kò pọn dandan kí òun wá síbẹ̀. Ó padà ṣàlàyé pé òun kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀mí ti bá a lọ. Àwọn tó pàdánù ọmọ gbọ́ àlàyé náà, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ohùn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí ìlú bá ń ṣọ̀fọ̀, ìwà olórí máa ń wà nínú ohùn rẹ̀.

ALÁGA ÀTI ONÍTÍKẸ́Ẹ̀TÌ

Láti ìgbà náà, Òṣòdì ti yí padà lójú. Ní oṣù kìíní 2009, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó katakata rẹ̀ lọ, àwọn ọlọ́jà tó ti jókòó sójú títì kúrò, mọ́tò sì rọ́nà gbà. Ní 2016, láyé Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé, wọ́n wó ọjà Owónifáàrí, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò kọjá sí Ìsọ̀pákodówó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ Òṣòdì àtijọ́ tí yóò sọ pé iṣẹ́ kò ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ọwọ́ dẹ́rẹ́bà. Láti Òṣòdì dé Jákàńdè, ìgbà mélòó ni yóò na owó jáde lójú wíńdò fún ẹni tó di ọ̀pá mú? Ẹ wo ìyá tó ń ta tòmátò, mélòó ni tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbà lóòjọ́, ta ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á? Gbogbo àwọn wọ̀nyí, olórí ló ń rán wọn níṣẹ́. Ẹnu sábà máa ń yá wa láti bú Ààrẹ àti gómìnà, nígbà tó jẹ́ pé olórí tó sún mọ́ wa jù ni alága káńsù, alága gáréèjì, ìyálọ́jà, àti alága ẹgbẹ́ onílé tó ń gba owó tíránsífọ́mà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ti wá le sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kó má ṣe gba ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni alága káńsù ti ń sọ pé gómìnà ló di owó òun mú. Bí ìdájọ́ yìí bá múlẹ̀ bó ṣe yẹ, àwáwí náà á tán. Gọ́tà tó bá kún ní Òkè-Àfá, ilé ìwòsàn kékeré tí kò bá ní oògùn, ojú ọ̀nà tó bá jìn ní Mafolúkù, ìwà alága ni a óò máa kà níbẹ̀, a ò ní ka ti ẹlòmíràn.

Nígbà náà, ohun tí a ó máa wò kí a tó tẹ̀ka kò gbọ́dọ̀ jẹ́ báàgì ìrẹsì. Ẹ bi olùdíje pé: Níbo lò ń gbé, ṣé ojú ọ̀nà wa náà lò ń gbà? Kí lo ti bójú tó rí kó tó di pé o wá tọrọ ìbò, kódà kó jẹ́ owó ẹgbẹ́ tàbí owó mọ́ṣáláṣí, báwo ni o sì ṣe ṣírò rẹ̀? Nígbà tí wọ́n fún ọ ní ohun tí kò tọ́ sí ọ, ṣé o dá a padà? Bí ọ̀gá rẹ nínú ẹgbẹ́ bá ní kí o ṣe ohun tó burú, ṣé o lè dìde? Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ mọ ìdáhùn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá ní ìwà lójúlé tirẹ̀, káńsù kò ní fún un.

Kí àwa náà wo ara wa. Ẹni tó bá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún kó tó dìbò ti tà á, kò tún lè wá béèrè ohun tó ti tà. Ẹni tó bá san owó tíkẹ́ẹ̀tì láìgba rìsíìtì ti ran olè lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré tó.

Jákàńdè kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2021, ẹni ọdún 91. Ó ṣe dáadáa, ó ṣàṣìṣe, a sì ti sọ méjèèjì. Ẹ̀sítéètì Òkè-Àfá ṣì wà níbẹ̀, èèyàn kún inú rẹ̀, nítorí pé nígbà kan, ẹnìkan ní ọ̀nà láti kó owó náà lọ, kò sì kó o. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ọrùn wọn kí a tó na ọwọ́ gba aṣọ.